Ikọ́ Ẹ̀gbẹ láàrin Ìjọba àti Aládàáni: Ta Ni Yóò Bá Aláìsàn Dé Òpin?

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ ìtàn Ìkìrun, ogun Jálumi tí ó wáyé ní ọdún 1878 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Òkukù, odò Ọ̀tìn àti oríkì àwọn Olókukù ni a máa ń gbọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti Ìnísà, ìrìn-àjò àwọn oníṣòwò rẹ̀ lọ sí Gold Coast, ìyẹn orílẹ̀-èdè Gánà ti òde òní, ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé. Gbogbo èyí ni ó dára. Ṣùgbọ́n ìtàn kan tún wà tí a kì í kà mọ́ ìtàn ìlú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí agbo ilé tí kò kàn. Ìtàn ọ̀hún ni ti bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ìwòsàn: ẹni tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí wọ́n ń san, àti ohun tí ó ń mú kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró kí ara wọn tó dá.

Àìsàn kan ni mo fẹ́ fi yẹ ìtàn náà wò, òun náà sì ni ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìdí tí mo fi mú un ni pé kì í ṣe àìsàn tí abẹ́rẹ́ kan tàbí ìgò oògùn kan ń wò. Oṣù 6 gbáko, ó kéré tán, ni ọ̀pọ̀ aláìsàn fi ń lo oògùn láìgbọdọ̀ dá a dúró. Nítorí náà, ìbéèrè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bi ètò ìlera kì í ṣe pé, ‘Ṣé ẹ ní oògùn?’ nìkan. Ó tún ń béèrè pé, ‘Ta ni yóò bá aláìsàn yìí rìn dé òpin?’ Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn méjì ni ó ń dáhùn ìbéèrè náà: ìjọba àti aládàáni. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe ọwọ́ ìjọba tàbí ọwọ́ aládàáni nìkan ni aláìsàn ti ń sọnù. Àárín àwọn méjèèjì gan-an ni ó máa ń sọnù sí jù lọ.

Orúkọ àìsàn náà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ikọ́ rí. Òtútù ń fa ikọ́, èéfín ń fà á, ọyẹ́ náà ń fà á. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàrin ikọ́ kan àti èkejì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fún ikọ́ tí kò lọ ní orúkọ tirẹ̀. ‘Ikọ́ ẹ̀gbẹ’ ń sọ nípa gbígbẹ, nítorí pé ara aláìsàn ń gbẹ bí igi tí omi kò dé gbòǹgbò rẹ̀ mọ́. ‘Ikọ́ awúgbẹ’ kò jìnnà sí èyí: ikọ́ tí a ń wú títí a fi gbẹ. ‘Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀’ ń tọ́ka sí ohun tí ń jẹ ènìyàn láti inú. Àwọn mìíràn a sì máa pè é ní ikọ́ ife. Bí a bá fi àwọn orúkọ wọ̀nyí wé ohun tí àwọn dókítà ń kọ sínú ìwé wọn, a ó rí i pé ojú tí ó ríran ni ó sọ wọ́n: ikọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ara tí ń rù, òógùn tí ń bo ènìyàn lóru, ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Ohun tí orúkọ kò sọ ni ohun tí ń fa àìsàn náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1882, Robert Koch kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á. Ojú lásán kò lè rí i. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e láti ẹnu ẹni tí ó ń wúkọ́ lọ sí imú ẹni tí wọ́n jọ ń mí nínú yàrá kan náà. Nítorí pé inú ilé kan náà ni ó ti ń ran ènìyàn, kò ṣòro láti rò pé àìsàn ìdílé ni, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó wà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹbí tó fi ọmọ fún ọkọ, alárinà a máa ṣe ìwádìí: ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀ ní ilé wọn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí wèrè? Ikọ́ tí kò lọ kì í gbẹ́yìn nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń wú u kò bẹ̀rù ikú nìkan. Ó tún ń bẹ̀rù ohun tí ayé yóò máa sọ nípa ilé baba rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ọkọ. Kí a fi ìtìjú yìí sí ọkàn, nítorí pé yóò wúlò fún wa nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ aládàáni.

Ètò àtijọ́

Kí ìjọba kankan tó kọ́ ilé-ìwòsàn, ọwọ́ aládàáni ni gbogbo ìwòsàn wà, bí a bá lè lo ọ̀rọ̀ náà fún oníṣègùn ìbílẹ̀. Babaláwo, oníṣègùn àti àwọn ìyá tí ó mọ ewé, kò sí èyí tí ń gba owó oṣù nínú wọn. Àgbo lè mú kí ọ̀fun tutù, ó sì lè mú kí aláìsàn rí oorun sùn, ṣùgbọ́n a kò ní ẹ̀rí pé ó pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. N kò sọ èyí láti fi àbùkù kan àwọn baba wa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá, kí oògùn tòótọ́ tó dé, afẹ́fẹ́ orí òkè, ìsinmi àti oúnjẹ aṣaralóore ni wọ́n ń fún aláìsàn ní àwọn ilé ìtọ́jú ńláńlá tí wọ́n kọ́ fún un.

Ohun kan wà nínú ètò àtijọ́ tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. Bí àìsàn bá le, aláìsàn a máa lọ gbé ní agbo ilé oníṣègùn títí ara rẹ̀ yóò fi yá, ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀ a sì bá a lọ láti máa dáná fún un. Oníṣègùn ń rí i ní òwúrọ̀, ó sì ń rí i ní alẹ́. Bí kò bá mu àgbo, yóò mọ̀. Nígbà mìíràn, wọn kì í san owó iṣẹ́ tán àfi bí aláìsàn bá dìde. Ètò yẹn kò ní oògùn tí ó ká ikọ́ ẹ̀gbẹ, ṣùgbọ́n ó ní àmójútó. Ètò òde òní ní oògùn; àmójútó ni ó ń wá kiri.

Ojú irin àti ilé-ìwòsàn àwọn ìjọ

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Kòkó àti obì gba ọ̀nà yẹn jáde. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì gbà á lọ sí Èkó, Jọ́ọ̀sì àti Kánò. Àwọn mìíràn ré kọjá sí Gold Coast. Níbi tí wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sùn sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń fẹ́. Ẹni tí ó bá sì dùbúlẹ̀ àìsàn ní ìdálẹ̀ kì í fẹ́ kú síbẹ̀. Ilé ni ó ń padà sí, ó sì ń gbé ikọ́ rẹ̀ bọ̀ wálé. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ìparí ọdún 1969, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ni ó padà lẹ́ẹ̀kan náà sí irú àwọn ìlú wọ̀nyí, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ilé tàbí iṣẹ́ tí ó ń dúró dè wọ́n.

Àwọn ìjọ Kristẹni ni ó dá ilé-ìwòsàn òyìnbó tí ó lórúkọ jù sílẹ̀ ní ẹkùn yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1907, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì ní Wesley Guild ní Iléṣà. Ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí i pé ilé-ìwòsàn tí kì í ṣe ti ìjọba ni àwọn wọ̀nyí. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ lónìí pé aládàáni ti gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, a ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí ní agbègbè yìí.

Oògùn dé, ibùsùn lọ

Ní ọdún 1943 ni wọ́n rí streptomycin ní Amẹ́ríkà, oògùn àkọ́kọ́ tí ó ká ikọ́ ẹ̀gbẹ. Isoniazid tẹ̀lé e ní 1952. Láìpẹ́, àwọn onímọ̀ rí i pé oògùn kan ṣoṣo kò tó, nítorí pé kòkòrò náà a máa kọ́ bí ó ṣe lè borí rẹ̀. A gbọ́dọ̀ pa oògùn pọ̀, a sì gbọ́dọ̀ lò ó pẹ́. Ní ìgbà náà, ìtọ́jú lè gba ọdún kan àbọ̀.

Ìbéèrè wá dìde: níbo ni aláìsàn yóò wà ní gbogbo àkókò yẹn? Ní ọdún 1956, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìlú Madras ní Íńdíà. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan lọ dùbúlẹ̀ sí ilé ìtọ́jú. Àwọn yòókù ń gbé inú ilé wọn pẹ̀lú ẹbí, wọ́n sì ń gba oògùn kan náà. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1959 fi hàn pé àwọn tí ó wà ní ilé rí ìwòsàn bíi ti àwọn tí ó wà lórí ibùsùn. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ìlú bíi Ìnísà tàbí Òkukù, nítorí ó túmọ̀ sí pé a kò nílò láti kọ́ ilé ńlá tí a ó kó àwọn aláìsàn sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà fún un. Nígbà tí ibùsùn lọ, nọ́ọ̀sì tí ń dúró ti aláìsàn títí yóò fi gbé oògùn mì lọ pẹ̀lú.

Karel Styblo ni ó wá ọ̀nà àbáyọ jù lọ, ní ilẹ̀ Tanzania láti ìparí àwọn ọdún 1970. Ohun tí ó gbé kalẹ̀ kò ju oògùn tí kò ní wọ́n àti ìwé ńlá kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù aláìsàn ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé náà: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n rí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, àti bí ó ṣe parí. Ṣé ó rí ìwòsàn ni? Ṣé ó kú ni? Ṣé ó kúrò ní ìlú ni? A kò gbọdọ̀ fi òpin ìlà náà sílẹ̀ lófo. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1993 pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé, ètò yìí ni wọ́n sọ di DOTS, tí wọ́n sì ń tàn kálẹ̀.

Ọwọ́ ìjọba

Ní ilẹ̀ wa, ìṣèlú ni ó sábà máa ń sọ iye tí aláìsàn yóò san. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn fún àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 18 ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Láti 1979 sí 1983, nígbà tí Bọ́lá Ìgè jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wà lábẹ́ rẹ̀, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN fi ń ṣe ìjọba. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1983, owó sísan sì padà sí ilé-ìwòsàn. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 fi ata sí ojú egbò. Náírà wálẹ̀, oògùn òyìnbó di ọ̀wọ́n, ó sì di àṣà pé kí dókítà ìjọba kọ orúkọ oògùn sórí pépà kí aláìsàn lọ rà á níta. Ẹni tí ó bá ti ń ra oògùn níta kì í pẹ́ bi ara rẹ̀ pé kí ni òun tilẹ̀ ń tò sí ilé-ìwòsàn ìjọba fún.

Ní àkókò kan náà, Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ń gbé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ètò orílẹ̀-èdè lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà DOTS ní àwọn ọdún 1990. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá dúró ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 1991. Lónìí, Ìkìrun ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, tí Ìnísà wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ètò náà, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó kan fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọ̀nà tí ìtọ́jú ń gbà kò le láti ṣàlàyé. Aláìsàn yóò pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan. Tẹ́lẹ̀, awò amúǹkantóbi ni wọ́n fi ń wá kòkòrò náà. Láti ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert ní ìparí 2010, ẹ̀rọ náà lè sọ láàrin wákàtí 2 bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, àti bóyá rifampicin lè pa á. Fún oṣù 2 àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin ni aláìsàn yóò máa lò pọ̀. Fún oṣù 4 tí ó kù, méjì. Rifampicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú, ẹni tí wọn kò bá sì kìlọ̀ fún lè rò pé ẹ̀jẹ̀ ni òun ń tọ̀, kí ó sì ju oògùn nù ní ọjọ́ kejì. Ìdánwò tí ó tóbi jù ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì. Ikọ́ á rọlẹ̀, ẹran ara á padà, aláìsàn á sì rò pé òun ti sàn. Kò tíì sàn. Kòkòrò tí ó kù nínú rẹ̀ dàbí ejò tí a lù tí a kò bẹ́ lórí.

Ọwọ́ aládàáni

Bí àyẹ̀wò àti oògùn bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ni ó ń gbé àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ aládàáni? Àwọn kan máa ń dáhùn pé àìmọ̀kan ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ń ta èlùbọ́ mọ iye tí ọjọ́ kan níye lórí lọ́wọ́ òun. Kẹ́míìsì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, ó ń ṣí láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó sì ń tà ní àwìn. Kò ní láti tò. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, yóò sì sọ fún un pé, ‘Màmá, ẹ lo èyí ná. Bí ikọ́ náà kò bá lọ, kí ẹ padà wá.’ Ní ilé-ìwòsàn aládàáni, dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀, nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ní ibùdó ìjọba, ọjọ́ tí wọ́n ń fún àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ní oògùn lè jẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí lórí bẹ́ǹṣì yẹn, orúkọ rẹ̀ ti dé inú ìwádìí alárinà nìyẹn. Nítorí náà, ohun tí ó ń rà lọ́dọ̀ aládàáni kì í ṣe oògùn nìkan. Ó ń ra àkókò, ó sì ń ra àṣírí bíbò.

Ọ̀fẹ́ pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà tí a pàdánù wà níbẹ̀, oúnjẹ náà wà níbẹ̀, nítorí pé oògùn yìí ń fa ebi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2017 fi hàn pé nínú ìdílé 100 tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ̀, nǹkan bí 71 ni ó pàdánù ju ìdá márùn-ún owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún.

Ṣùgbọ́n aládàáni náà ní àléébù tirẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Omi oògùn ikọ́ ni kẹ́míìsì kọ́kọ́ ń tà, lẹ́yìn rẹ̀ oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ márùn-ún, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn. Oṣù mẹ́ta lè kọjá báyìí, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń sùn sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà. Dókítà aládàáni tí ó mọ àìsàn náà lè kọ oògùn tí ó tọ́, kí aláìsàn san owó oṣù kan, kí ó san ti èkejì, kí owó sì tán ní oṣù kẹta. Bí kò bá padà wá, kò sí ẹni tí yóò wá a dé ilé. Dókítà yóò rò pé ó ti sàn tàbí pé ó ti lọ sí ibòmíràn. Kò sí ìlà kankan tí ó ṣófo nínú ìwé, nítorí pé kò sí ìwé.

Àárín méjèèjì

Ìgbésí ayé aláìsàn kì í sì í dúró sí ibì kan. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aládàáni ní Ìkìrun, kí owó tán, kí wọ́n sọ fún un pé kí ó lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ó dé ibẹ̀, wọ́n bi í pé oògùn wo ni ó ti lò, fún ọjọ́ mélòó. Kò mọ̀, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Òkukù, iṣẹ́ sì gbé e lọ sí Èkó ní oṣù kẹta. Òmíràn ń gba oògùn dáadáa ní Ìnísà títí ọjọ́ tí ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ilẹ̀kùn títì kì í ṣe àsọdùn. Láti ìparí 2015 wọ inú 2016, nígbà tí owó oṣù di ààbọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn dókítà ilé-ìwòsàn ìpínlẹ̀ náà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní 2018, JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yàtọ̀ sí dókítà, yanṣẹ́lódì káàkiri orílẹ̀-èdè láti àárín oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Ní 2021, àwọn dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe tiwọn láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá. N kò ní dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́bi pé wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í yanṣẹ́lódì. Nígbà tí ilé-ìwòsàn ìjọba bá tì, aládàáni nìkan ni ó ṣí. Bí kò bá sí okùn tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀, oògùn aláìsàn á já.

Oògùn tí ó ń já ni ó ń bí ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn kò ràn mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ó bá ní irú èyí lè lo oògùn fún oṣù 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ tí ó lè di í létí. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ètò tuntun olóṣù 6 tí kò ní abẹ́rẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó rí i gbà, yóò ti fi irú kòkòrò náà ran àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 479,000 ènìyàn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2022. Àwọn tí orúkọ wọn wọ ìwé ètò ìjọba lé díẹ̀ ní 285,000. Níbo ni àwọn yòókù wà? Àwọn kan wà nínú ilé, àwọn kan ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lọ́dọ̀ kẹ́míìsì àti lọ́dọ̀ dókítà aládàáni lọ́wọ́lọ́wọ́, wọ́n ń na owó, wọn kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Okùn tí ó so méjèèjì

Ìjọba àti àwọn àjọ tí ń ràn án lọ́wọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe aládàáni wọ inú ètò náà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: aládàáni yóò gba oògùn ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, kò ní gba owó oògùn náà lọ́wọ́ aláìsàn, yóò sì kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé kan náà tí ìjọba ń lò. Kẹ́míìsì kò ní wo àìsàn náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fura sí ikọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kí ó sì fi ẹni náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ní 2020 ni ètò TB-LON 3, tí àjọ IHVN darí pẹ̀lú owó USAID, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ kiri ní Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, ó sì bá aládàáni ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, USAID ti kógbá sílé. Àwọn aṣòfin wa ní Àbújá fi iye tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera nínú ìṣúná 2025 láti fi dí àlàfo náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí fi hàn pé àwa kọ́ ni a hun okùn tí a fi so ìjọba pọ̀ mọ́ aládàáni. Ẹni tí ó hun ún ká a nílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wù ú.

Ní tèmi, àríyànjiyàn lórí èyí tí ó dára jù láàrin ìjọba àti aládàáni kò wò ikọ́ kankan sàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtàn agbègbè yìí fi hàn pé ọ̀nà méjèèjì ti wà tipẹ́, àwọn ènìyàn yóò sì máa gba èyí tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ní ọjọ́ tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ohun tí a lè ṣe ni kí ọ̀nà méjèèjì pàdé. Kí aláìsàn tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aládàáni ní káàdì kan lọ́wọ́, tí a kọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí, tí ibùdó ìjọba yóò sì gbà láìbi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ wá. Kí ibùdó ìjọba fún aláìsàn ní oògùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sílé bí ìyanṣẹ́lódì bá ń bọ̀, kí ó sì sọ orúkọ aládàáni tí yóò máa bá a lọ fún un. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn, àti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ bíi tiwọn, fi owó ọkọ̀ alábòójútó ikọ́ ẹ̀gbẹ sínú ìṣúná tiwọn, kí ó lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò wá gba oògùn. Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́: kí a máa sọ ọ́ lórí rédíò, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé àìsàn afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, pé kì í ṣe àìsàn ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ìdílé, àti pé ẹni tí ó bá lo oògùn rẹ̀ parí lè fẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni.

Oníṣègùn àtijọ́ kò ní rifampicin, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí aláìsàn rẹ̀ kúrò lójú òun títí yóò fi dìde. Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù òde òní, oògùn wà. Ẹni tí yóò kà á fún aláìsàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kẹfà, ibi yòówù kí ó ti gbà á, ni a gbọ́dọ̀ wá, kí a sì san owó rẹ̀ fún un.